Èwo Ló Tutù Jù Nínú Ilẹ̀ Méjèèjì?

Òórùn àdín ni mo fi máa ń mọ̀ pé mo ti dé ilé wa ní Ẹdẹ nígbà náà. Kí o tó rí òrùlé wa, kí o tó gbọ́ ariwo àwọn ọmọdé, òórùn èkùrọ́ tí wọ́n ń dín ti gbà ọ́ nímú. Ìyá mi ni ó ń dín in lẹ́yìn ilé, nínú ìkòkò ńlá kan tí kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ orí rẹ̀ mọ́. Ara rẹ̀, aṣọ rẹ̀, àní ẹ̀bá tó bá fún ẹ jẹ, àdín ni gbogbo rẹ̀ ń rùn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé eṣinṣin kò lè bà lé mi kó má yọ̀ ṣubú. Mo máa ń bínú sí wọn. Lónìí, bí mo bá gbọ́ òórùn náà lójúde ẹlòmíràn, mo máa ń dúró díẹ̀ kí n tó kọjá.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti èmi nìkan ni ọmọ tó kù fún ìyá mi lẹ́yìn ikú bàbá wa. Nígbà tí àwọn òyìnbó ń la ọ̀nà rélùwéè gba ìlú wa kọjá lọ sí Òṣogbo, ẹ̀gbọ́n mi bá wọn ṣiṣẹ́ igi gígé. Igi kan wó síbi tí wọn kò fojú sí, ó sì wó lù ú. Kò tíì gbéyàwó. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó gbé e wálé, àwọn náà ni ó sì sin ín. Wọn kò jẹ́ kí ìyá mi dé ibẹ̀, nítorí òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Ohun kan ṣoṣo tó lè ṣe fún un ni aṣọ. Ó yọ kíjìpá tuntun kan nínú àpótí rẹ̀, etí rẹ̀ ti fẹ́ máa tú, ó sì jókòó sí yàrá, ó fi òwú pupa rán an yíká. Èmi ni mo ń bá a ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, nítorí ẹkún kò jẹ́ kí ó ríran. Kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá náà. Nígbà tí ó rán an tán, wọ́n gba aṣọ náà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n lọ fi dì í.

Ìwọ náà mọ ohun tí àwọn ènìyàn wa máa ń sọ nípa ẹni tó kú láìpọ́jọ́. Wọ́n ní kì í tíì lọ sọ́run. Ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n ni ó máa ń lọ, a máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀, a máa jẹun, títí ọjọ́ rẹ̀ yóò fi pé. Àkúdàáyà ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá rí i, tó sì pè é, àfi kí ó kúrò níbẹ̀ kí ó wá ibòmíràn lọ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní irọ́ ni. Mo ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nígbà náà, mo ń fọ aṣọ fún ìyá òyìnbó kan ní ilé míṣọ́n, mo sì gbà pé irọ́ ni. Mo gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn, pàápàá jù lọ bí oòrùn bá wà lókè.

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ ẹgbẹ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti lọ sí Èkó kí jàǹbá náà tó ṣẹlẹ̀, ó sì ti ibẹ̀ wọ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, ó ń kó èédú sí iná ọkọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bọ́ sílẹ̀ nínú rélùwéè pẹ̀lú kóòtù kan tó nípọn bí ẹní. Òógùn bò ó, síbẹ̀ kò bọ́ kóòtù, nítorí pé bí ó bá bọ́ ọ, báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé ó ti rìn jìnnà? Kí ó tó dé ilé bàbá rẹ̀, ó ti kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ wa.

Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi nídìí iná. Ó ní, “Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ fọkàn balẹ̀, ara ọmọ yín le. Mo rí i ní Skọ́tíláǹdì.”

Ọwọ́ ìyá mi dúró lórí orógùn. Àdín bẹ̀rẹ̀ sí í jó, a kò sì rí ẹni tó fa iná jáde. Ọkùnrin náà rò pé ayọ̀ ni kò jẹ́ kí a lè sọ̀rọ̀, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Ó ní létí omi ni, níbi tí àwọn ti ń já ẹrù, pé òjò wẹ́wẹ́ ń rọ̀, òjò ibẹ̀ kì í sì í dá bọ̀rọ̀. Ó ní láàárín gbogbo àwọn tó wọ kóòtù, ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló da aṣọ bora. Òun pè é lórúkọ. Ó wo òun, ó sọ àpò èjìká rẹ̀ sílẹ̀, ó yà sẹ́yìn ilé kan. Òun sáré tẹ̀lé e, ògiri ni òun bá.

“Irú aṣọ wo?” ni ìyá mi bi í.

“Kíjìpá lásán ni, Ìyá. Òwú pupa ló wà létí rẹ̀ yíká.”

Èmi ni mo sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n mi ti kú. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé mo ń bá òun ṣeré. Nígbà tó wo ojú ìyá mi, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó bọ́ kóòtù náà síbẹ̀ nígbà tó ń lọ, kò sì padà wá mú un títí kòkòrò fi jẹ ẹ́ tán.

Ọyẹ́ ti mú dáadáa nígbà tí ẹnìkejì dé. Obìnrin kan láti ìlú Awo ni. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń ra obì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó sì ti fi ọ̀rọ̀ ìyàwó bá ọmọbìnrin náà ṣeré rí. Obìnrin náà ń gbé ọmọ fún tọkọtaya òyìnbó kan tí wọn kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ti mú un lọ sí ilẹ̀ wọn tí wọ́n ń pè ní Nọ́wè. Bí ó ti padà dé ni ó wá kí wa, òun náà kò mọ nǹkan kan. Ó tilẹ̀ fẹ́ bá ìyá mi jà.

“Ìyá, kí ló ṣe yín tí ẹ fi jẹ́ kó jìnnà tó yẹn? Òtútù ibẹ̀ ń pa ènìyàn. Ibi tí wọ́n ti ń sá ẹja sórí igi ni mo ti rí i, òun nìkan, nínú aṣọ ẹyọ kan tí òwú pupa wà létí rẹ̀. Mo pè é, ó yíjú sí mi. Ó ní, ‘Jọ̀ọ́, má pè mí.’ Mo sì ti pè é.”

Ó ní kí òun tó ṣẹ́jú, kò sí i mọ́, ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú yìnyín kò sì kọjá ibi tó dúró sí. Mo gba àdúrà tí wọ́n kọ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì gbà á lẹ́ẹ̀kan sí i.

O lè rò pé ẹ̀rù ba ìyá mi. Rárá o, inú rẹ̀ dùn! Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gba aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ọjọ́ náà ni mo tún kọ́kọ́ gbọ́ tó kọrin. Ó ní òun yóò lọ bá ọmọ òun. Mo rán an létí ohun tí wọ́n ń sọ nípa àkúdàáyà, ó ní àwọn tó pè é kì í ṣe ìyá rẹ̀, pé kò sí ọmọ tí í sá fún ọmú. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa, tó jẹ́ olórí ilé, gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ó ní kí a ta oko obì wa tó wà lọ́nà Sẹ̀kọnà, kí ọkùnrin ọkọ̀ ojú omi yẹn sì mú un lọ. Ẹ̀rù bà mí nítorí ìyá mi. Ó ti ń dàgbà, mo sì rí i pé bí ó bá débẹ̀ tí ọmọ náà pòórá lójú rẹ̀, kò ní padà wálé mọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún un? Ilẹ̀ tí a ó lọ ni kò dá wa lójú. Ó lè ti padà sí Skọ́tíláǹdì, ó sì lè wà ní Nọ́wè síbẹ̀, owó ibì kan ṣoṣo ni a sì lè rí. Nítorí náà ni wọ́n fi ní kí n lọ bèèrè lọ́wọ́ ìyá òyìnbó mi, iye tí yóò ná ni láti dé ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àti bí òtútù ibẹ̀ ti rí.

Mo bèèrè nígbà tí mo ń lọ aṣọ. Skọ́tíláǹdì ni ilẹ̀ bàbá obìnrin náà, ó sì ti dé Nọ́wè rí nígbà ọmọdé. Gbogbo ọ̀rọ̀ Yorùbá ló mọ̀, ohùn wọn nìkan ni kò mọ̀. Ó rò pé mo fẹ́ fẹ́ ọmọ ọkọ̀ ojú omi ni, ó ń fi mí rẹ́rìn-ín, ó sì ṣàlàyé fún mi dáadáa.

Nígbà tí mo délé, mo da èkùrọ́ sílẹ̀ níwájú ìyá mi, mo kó o sí òkìtì méjì. Mo ní èyí ni owó Skọ́tíláǹdì: ọkọ̀ ojú omi láti Èkó, lẹ́yìn náà rélùwéè tiwọn. Mo ní ti Nọ́wè jẹ́ gbogbo ìyẹn pẹ̀lú ọkọ̀ mìíràn, lórí òkun kan tó máa ń mú kí àgbà bì bí ọmọdé. Òkìtì kejì ga ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Ìyá mi wò ó, kò mì.

“Òtútù wọn ńkọ́?” ni ó wí. “Gbé òun náà lé e kí n rí i.”

Mo ní ti Skọ́tíláǹdì dà bí ìgbà tí òjò bá ń rọ̀ nínú ọyẹ́, kò dára, àmọ́ ènìyàn á fara dà á. Mo ní ti Nọ́wè, omi ibẹ̀ máa ń dì tó fi jẹ́ pé ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn lórí odò. Ìyá òyìnbó sì ní lókè lọ́hùn-ún, àsìkò kan wà lọ́dún tí oòrùn kì í yọ rárá.

Ó ní, “Èwo ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i?”

“Skọ́tíláǹdì ni, Ìyá.”

“Ibẹ̀ ló sàn jù.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Wọ́n pè é níbi tó sàn, ó sá lọ síbi tó burú.” Ó fi ìka ti èkùrọ́ kan kúrò lórí òkìtì kejì, ó ń tì í lọ lórí ilẹ̀, títí ó fi kan ògiri. “Kí ló wà lẹ́yìn Nọ́wè?”

Mo ti rí àwòrán ayé lára ògiri ilé míṣọ́n. “Funfun ni, Ìyá. Wọn kò kọ orúkọ ìlú kankan síbẹ̀.”

Ìgbà náà ni èmi náà tó rí ohun tí ó ti rí. Àwa ni a ń lé e lọ. Ìyá mi kó òkìtì méjèèjì padà sínú apẹ̀rẹ̀, ó sì lọ dáná.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo ilé péjọ, ẹni tó fẹ́ ra oko obì ti jókòó pẹ̀lú wọn. Ìyá mi dìde. Ó ní, “Ẹ má ta oko. Ẹni tí wọ́n rí yẹn, kì í ṣe ọmọ mi.”

Ẹ̀gbọ́n bàbá wa ní, “Òwú pupa ńkọ́?”

“Òwú pupa kún ọjà. Èmi ni mo bí ọmọ mi, mo sì ní n kò mọ ẹni yẹn. Ẹni tó bá tún fi orúkọ ọmọ mi pè é, èmi àti onítọ̀hún kò ní bá ara wa gbé.”

Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé irọ́ ni. Ojú rẹ̀ gbẹ, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Àwọn obìnrin ilé fi ṣe orin, wọ́n ní ìyá tó fi oko obì ṣe ọmọ. Wọ́n kọ ọ́ sí i létí lọ́nà odò, wọ́n kọ ọ́ sí i létí lọ́jà. Kò dá wọn lóhùn rí. Èmi ni mo ń sunkún nígbà tí a bá délé, òun ni ó sì ń bẹ̀ mí.

Ọdún díẹ̀ kọjá. Ní ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn kan, tí ooru mú tí ewé kò mì, ìyá mi àti èmi tẹ̀lé ìyàwó ilé wa kan lọ sí ibùdókọ̀ rélùwéè láti gba àpò iyọ̀ rẹ̀. Láti ìlú Ara ni wọ́n ti fẹ́ ẹ wá, lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, kò rí ẹ̀gbọ́n mi rí láyé. Rélùwéè dé láti ìsàlẹ̀, ó dúró. Mo ń wo àwọn ojú tó wà lẹ́nu fèrèsé, bí gbogbo ènìyàn ti máa ń ṣe. Lójijì, àtẹ́lẹwọ́ ìyá mi bo ojú mi.

“Má wò ó,” ni ó sọ sí mi létí.

Òtútù kan jáde láti inú ọkọ̀ náà, ó dé ara mi. Kì í ṣe afẹ́fẹ́, nítorí gèlè mi kò mì. Ó dúró níwájú mi bí ìgbà tí ènìyàn bá dúró, eyín mi sì ń gbá ara wọn nínú ooru Ẹdẹ. Mo fẹ́ wò ó. Ẹ̀gbọ́n mi ni, mo fẹ́ràn rẹ̀, ọwọ́ ìyá mi nìkan ló sì wà láàárín wa. N kò mú ọwọ́ náà kúrò. Rélùwéè fọn, ó lọ.

Nígbà tí a lajú, ìyàwó ilé wa ń wò wá tìyanu-tìyanu. Ó ní, “Ìyá, kí ló dé tí ẹ̀yin méjèèjì di ojú? Ọkùnrin kan wà lẹ́nu fèrèsé tó ń wò yín, ó ń rẹ́rìn-ín sí yín títí ọkọ̀ fi lọ.”

Ìyá mi kò bèèrè irú ẹni tó jẹ́, kò bèèrè aṣọ tó wọ̀. Ó ní, “Ṣé ó sanra?”

“Ó sanra, Ìyá. Ara rẹ̀ ń dán.”

Ìyá mi jókòó sórí àpò iyọ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.

Àwọn pásítọ̀ tí mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ní kí n gbàgbé rẹ̀, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n títí mo fi di arúgbó yìí, n kì í tẹjú mọ́ ojú àlejò láàárín èrò. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ẹni tó bá fẹ́ràn ènìyàn ni ó máa ń wá a kiri. Ìyá mi dúró lójú kan, ó di ojú rẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì rọ́nà wálé.