Obìnrin Tó Bá Ọkọ Mi Lọ sí Ìsàlẹ̀ Òkun Pupa

Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Ẹni tó pa òwe yẹn kò tíì rí èmi, torí mo lẹ́ran láyà dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí n kò lè jowú lé lórí. Mo jowú ẹ̀gbọ́n mi nítorí pé òun ló gba àwọ̀ ìyá wa. Mo jowú aládùúgbò wa ní Anoumabo, ní Abidjan, nítorí pé ẹ̀rọ ìránṣọ tirẹ̀ ń lo iná, tèmi sì jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀. Nítorí náà, lọ́sàn-án ọjọ́ tí ọkọ mi wọlé tó ní wọ́n fẹ́ mú òun lọ sí Òkun Pupa, owú ló kọ́kọ́ dé sí mi lára. Ìdùnnú tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Kí n sọ irú iṣẹ́ tó ń ṣe. Nígbà tó kọ́kọ́ dé Abidjan, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ òkun ló ń ha ní èbúté. Á gbé àgbá afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn, á mòòkùn sínú omi dúdú, á máa fi irin ha ìkarahun kúrò lábẹ́ ọkọ̀. Nígbà tó yá, ó rí iṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ kan létí ọ̀sà, níbi tí àwọn olówó ti ń fi mímòòkùn ṣe fàájì. Òun ló ń rọ afẹ́fẹ́ sínú àgbá wọn, òun náà ló ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé bí èèyàn ṣe ń mí lábẹ́ omi. Lọ́dún yẹn ẹgbẹ́ náà gba ọkọ̀ ojú omi kan ní Íjíbítì. Inú ọkọ̀ náà ni wọn yóò máa sùn, inú rẹ̀ ni wọn yóò ti máa jẹun, fún ọjọ́ mẹ́jọ gbáko, láti lọ wo òkìtì iyùn kan tó jìnnà sí ilẹ̀, tí ìjọba fi òfin dáàbò bò. Ọ̀kan nínú wọn kán lẹ́sẹ̀ nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀gá ẹgbẹ́ ní kí ọkọ mi gba àyè rẹ̀.

Ìjọ wa ní Attécoubé, níbi tí àwa ọmọ Nàìjíríà àtàwọn ará Benin ti jọ ń sìn, sọ ọ̀rọ̀ náà di ìwàásù. Òkun Pupa! Àwọn alàgbà pe ọkọ mi síwájú, wọ́n gbàdúrà kí Ẹni tó la òkun fún Mósè má ṣe pa á dé lé e lórí. Màmá àgbàlagbà kan bẹ̀ ẹ́ pé bó bá rí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ogun Fáráò nísàlẹ̀, kó bá òun fọwọ́ kàn án. Mo jókòó níwájú, mo ń dọ́gbọ́n wo ojú àwọn èèyàn bóyá wọ́n ń wò mí.

Ìyàwó olórí akọrin ló bà á jẹ́. Iyùn tí ìyá ọkọ rẹ̀ fún un, okùn mẹ́ta, kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó tèmi, ike pupa ni mo so mọ́rùn, gbogbo ayé ló sì mọ̀. Ó fọwọ́ pa iyùn rẹ̀, ó ní, "Ìyá àwọn ọmọ, ibi tí iyùn ti ń wá ni bàbá wọn ń lọ yẹn o."

Mo ní, "Ẹ máa wò ó. Nígbà tí wọ́n bá fi dé, tèmi á lé ní okùn mẹ́ta."

Ẹnu ara mi ni mo fi kó bá ara mi. Fún ọjọ́ mẹ́wàá tí ọkọ mi fi wà lájò, kò sí obìnrin tó mú aṣọ wá rán tí n kò sọ fún pé iyùn mi ń bọ̀. Mo tilẹ̀ ti rán aṣọ tí n ó wọ̀ sí i.

Lọ́jọ́ tó dé, imú rẹ̀ ti bó, ojú rẹ̀ sì ti jìn. N kò fún un lómi. Mo gba báàgì, mo tú u palẹ̀. Mo bá dàbínù, mo bá ìgò lọ́fínńdà kékeré kan, mo bá àwọn ṣòkòtò tó ń rùn fún iyọ̀.

"Iyùn dà?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ìyá àwọn ọmọ, alààyè ni iyùn tó wà níbẹ̀. Ó ń jẹun, ó ń dàgbà díẹ̀díẹ̀ bí èékánná. Òfin de ibẹ̀. Wọn ò tilẹ̀ jẹ́ ká wọ ìbọ̀wọ́, kó má baà máa ṣe wá bíi ká di nǹkan mú."

"Ẹ dé ibi tí iyùn ti ń hù, dàbínù lẹ mú bọ̀?"

"Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń so mọ́rùn pàápàá. Òmíràn rí bí ọpọlọ ẹran. Òmíràn rí bí ìwo àgbọ̀nrín."

Mo kó dàbínù náà fún àwọn ọmọ, mo padà sídìí ẹ̀rọ mi.

Láàárín ọjọ́ mélòó kan sí i, ó ń sọ ìrìn àjò náà fún wa lẹ́yọ lẹ́yọ. Agogo ni wọ́n fi ń jí wọn láàárọ̀. Wọ́n á mòòkùn kí wọ́n tó jẹun, wọ́n á jẹun, wọ́n á sùn, agogo á tún dún, wọ́n á tún mòòkùn. Ó ní omi náà mọ́ débi pé béèyàn bá wà nísàlẹ̀, á máa rí ikùn ọkọ̀ lókè, á sì rí ẹni tó ń ju èèpo ẹyin sómi. Ẹja wà níbẹ̀ tó dúró sójú kan bí ẹni tí wọ́n ní kó wá ya fọ́tò. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni mo ń fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ kíkankíkan. Ọjọ́ mẹ́jọ tí ẹnikẹ́ni kò ní kó pọn omi! Ọjọ́ mẹ́jọ tí ẹlòmíràn ń fọ abọ́ tó fi jẹun! Èmi tí mo wà ní Abidjan láti ìgbà tí mo ti wọ̀ ọ́, Grand-Bassam tó wà nítòsí ni mo lọ jìnnà jù, òkú ni mo sì bá lọ síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí ohun kan. Á dé ibi kan nínú ìtàn, tí í ṣe ọjọ́ kẹfà, á sì dákẹ́. Ó tún padà síbi iṣẹ́, ó ń rọ afẹ́fẹ́ fún àwọn èèyàn, àmọ́ kò wọ omi mọ́. Ó ní ọ̀fìnkìn ń ṣe òun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀fìnkìn kò lọ, bẹ́ẹ̀ n kò gbọ́ kó sín. Ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu mí.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, ẹgbẹ́ náà pe tọkọtaya wá wo àwòrán ìrìn àjò náà. Wọ́n ta aṣọ funfun sára ògiri, wọ́n ń fi iná tan àwòrán sí i níkọ̀ọ̀kan. Mo rí iyùn tó rí bí ọpọlọ ẹran. Mo rí ìjàpá òkun. Ó dára, n kò ní purọ́. Lẹ́yìn náà ni ọkọ mi yọ lára aṣọ funfun, nísàlẹ̀ omi, ó di obìnrin kan lọ́wọ́ mú.

Ọ̀gá ẹgbẹ́ kígbe pé, "Et voilà notre binôme! Les inséparables!" pé àwọn méjì tí kì í fi ara wọn sílẹ̀ nìyí. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́.

Àwòrán tó tẹ̀ lé e burú jù ú lọ. Àwọn méjèèjì jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n da táwẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo borí, orí ọkọ mi wà léjìká rẹ̀. Kíá ni ọ̀gá ẹgbẹ́ yí ìyẹn kọjá, kò sì sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Mo wẹ̀yìn, mo rí obìnrin náà nínú àga kẹta. Ọmọ Côte d'Ivoire ni, ó rẹwà, àwọn ẹlòmíràn ń pè é ní docteur. Oníṣègùn eyín ni, ní Cocody, àdúgbò àwọn olówó. Ó ń wo ọkọ mi. Ọkọ mi ń wo ilẹ̀.

A wọ takisí padà. A dé ẹnu ọ̀nà ilé kí n tó bèèrè pé, "Kí ni wọ́n ń pè ní binôme?"

"Ẹnìkejì ẹni lábẹ́ omi ni. A kì í dá mòòkùn. Bí afẹ́fẹ́ bá tán lọ́wọ́ ẹnì kan, èkejì á yọ ohun tó fi ń mí lẹ́nu fún un, wọ́n á jọ máa gbà á fún ara wọn."

"Èyí tó ti wà lẹ́nu yín ni òun náà ń fi sẹ́nu?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O tún ní bẹ́ẹ̀ ni! Ìwọ àti ta ni ẹ jọ da táwẹ́ẹ̀lì borí?"

Láti ọjọ́ tí a ti ṣe ìgbéyàwó, n kò fi "o" bá ọkọ mi sọ̀rọ̀ rí. Àwa méjèèjì gbọ́ ọ. Ó ní, "Kò sí nǹkan kan," ó sì yí padà síta. Ó wá hàn sí mi kedere pé mo ti ń pàdánù ọkọ mi. Iyùn kúrò lọ́rọ̀. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ò ju bóyá mo ṣì ní ọkọ nílé.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo di ìdíkù mọ́rí, mo gba Cocody lọ, mo ní eyín ń dùn mí. Ohun tí mo múra sílẹ̀ láti sọ pọ̀. Mo ti kó gbogbo Faransé tí mo gbọ́ jọ, títí kan àwọn tí kò ṣeé sọ ní ilé ìjọsìn. Ẹni tó ń gba orúkọ bèèrè tèmi, mo sì fi ìwà òmùgọ̀ sọ orúkọ ọkọ mi gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé. Nígbà tí mo fi wọlé, obìnrin náà ti mọ ẹni tí mo jẹ́. Ó dá mi dùbúlẹ̀ sórí àga, ó ní kí n la ẹnu, ó ki dígí kékeré bọ̀ ọ́.

"Vous êtes la femme de mon binôme," ni ó wí, pé èmi ni ìyàwó ẹnìkejì òun.

Ẹnu mi là sílẹ̀ gbàgà. Àga náà ti gbé ẹsẹ̀ mi sókè ju orí lọ. Ibẹ̀ ni ó ti sọ ọ́ fún mi, ó ń fi irin kan eyín mi lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Ó ní lọ́jọ́ kẹfà, lábẹ́ ògiri iyùn kan, aago tó ń sọ iye afẹ́fẹ́ tó kù tan òun jẹ. Ó ṣì ń fi hàn pé afẹ́fẹ́ pọ̀ nígbà tí àgbá òun ti gbẹ. Ọkọ mi yọ ti ẹnu rẹ̀ fún un. Mítà méjìdínlógún ni wọ́n ti gòkè, èémí méjì fún ẹni yìí, èémí méjì fún ẹni yẹn, àgbá kan ṣoṣo fún ẹni méjì. Nígbà tí wọ́n dé inú ọkọ̀, gbogbo èèyàn ń yin ọkọ mi, àmọ́ ó lọ jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, ó sunkún bí ọmọdé.

"Il m'a demandé pardon," ni ó wí, pé ọkọ mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òun.

Mo ti ọwọ́ rẹ̀ kúrò lẹ́nu mi. "Pardon de quoi?" Àforíjì kí ni?

Ó mi orí. Ó ní kí n lọ bi ọkọ mi, pé òun kọ́ ló yẹ kó sọ ìyẹn. Lẹ́yìn náà ló ní kò sí ohun tó ṣe eyín mi, ó le bí òkúta.

Ó yẹ kí inú mi dùn bí mo ṣe ń padà lọ. Kò sí panṣágà níbì kan. Ṣùgbọ́n owú tó wà nínú mi kò lọ, ńṣe ló tún jókòó dáadáa. A ti fẹ́ra fún ọdún mọ́kànlá. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ojú rẹ̀ gbẹ. Nígbà tí a sin ọmọ wa kejì, èmi ni mo sunkún fún àwa méjèèjì. Mo ti gbà pé kò ní ẹkún ni. Àṣé ó ní in.

Mo bá a nílé, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ó ń ta epo sí i. Mo jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo ní, "Mo ti ọ̀dọ̀ dókítà yẹn bọ̀. Wọ́n ní ẹ tọrọ àforíjì. Kí lẹ ṣe? Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ fún mi?"

"O ò bi mí," ó ní. "Mo dé, iyùn lo bèèrè. Nígbà tó yá, obìnrin lo bèèrè. Èmi fúnra mi ńkọ́? O ò bèèrè mi."

Ojú tì mí. Mo ní, "Mo ti ń bèèrè báyìí."

Ó pẹ́ kó tó sọ ọ́. Ó ní bí wọ́n ṣe ń gòkè, ó ku díẹ̀ kí wọ́n dé òkè, òun wo aago afẹ́fẹ́ òun, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹnu òun ni ohun tí wọ́n fi ń mí wà nígbà náà. Obìnrin náà na ọwọ́. Òun kò fún un. Òun mí ẹ̀ẹ̀mejì, òun mí ẹ̀ẹ̀kẹta, òun mí ẹ̀ẹ̀kẹrin. Ó ní èmi àti àwọn ọmọ ni òun ń rò, ṣùgbọ́n kí òun má purọ́, òun ń rò ti ara òun náà. Obìnrin náà kò já a gbà. Ó kàn ń wo òun lójú, ó di okùn èjìká òun mú. Lẹ́yìn náà ni òun tó yọ ọ́ fún un.

"Akọni ni wọ́n ń pè mí," ó ní. "Wọ́n ń pàtẹ́wọ́." Ohùn rẹ̀ já síbẹ̀, omi sì dé ojú rẹ̀.

Mo dìde, mo fà á mọ́ra, òróró ọwọ́ rẹ̀ ń yí mi láṣọ. Mo ń pa á lẹ́kún, owú sì ń jẹ mí bí mo ṣe ń pa á. Ẹkún yìí ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn kó tó kàn mí, nínú ọkọ̀ tí n kò lè dé láé, òun sì ti mọ ohun tó wà nínú ọkọ mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú mi. Ọkọ mi kò fẹ́ ẹ, kò sì ní fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ẹkún ọkọ mi, obìnrin yẹn ni ìyáálé, èmi ni ìyàwó.