Ọkọ Tó Dé Abọ́ Rẹ̀

Ní ilé tí wọ́n ti bí mi, ọkùnrin kì í pariwo mọ́ ìyàwó rẹ̀. Bí inú bá bí i, yóò fọ ọwọ́, yóò wo oúnjẹ tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀, yóò sì fi ọmọrí dé abọ́ náà padà. Ó parí. Gbogbo agbolé ti gbọ́ nìyẹn. Mo rí bàbá mi tó ṣe é lẹ́ẹ̀kan, mo sì rí ìyá mi tó jáde nínú oòrùn ọ̀sán gangan láti lọ bẹ àgbà ilé pé kó bá òun bi ọkọ òun léèrè ohun tí òun ṣe.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ sí yunifásítì ní etí òkun, níbi tí a ti ń jẹ búrẹ́dì àti sàdín láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù dé òpin rẹ̀, tí mo sì ń lá àlá iyán. Mo padà sí Tchaourou, ìlú wa, láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn àti ìmọ̀ nípa ilẹ̀ ayé. Mo fẹ́ ọmọbìnrin oníṣòwò iṣu kan láti Kika. Ní gbogbo ọdún tí a fi gbé pọ̀ nígbà náà, n kò dé abọ́ padà fún un rí. A máa ń jà o, ṣùgbọ́n ẹnu la fi ń jà. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń kọjá, bí mo bá ti gbọ́ fèrè rẹ̀, tí mo sì gbọ́ ìró odó láti ẹ̀yìnkùlé, mo ti mọ̀ pé ọ̀sán pọ́n. Bó bá gún un tán, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn iwájú orí, á ní, "Bàbá wọn, ẹ wá jẹ iyán yìí kí inú tó bí i."

Ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì ni àrùn ìtọ̀ ṣúgà dé. Òùngbẹ, ìtọ̀ léraléra, àtẹ́lẹsẹ̀ tó ń ta mí bí ẹni tó tẹ iyanrìn gbígbóná. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n sọ ohun tí wọ́n ń sọ fún gbogbo ènìyàn: kí n dín iyán kù, kí n fi ṣúgà sílẹ̀, kí n máa rìn, kí n máa lo oògùn. Kò sí ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n lórí àga ẹ̀gbẹ́ mi, ọkùnrin kan láti Tchatchou jókòó, tó máa ń ta epo bẹntiróòlù nínú ìgò létí ọ̀nà. Wọ́n ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ̀gá, èmi jẹ iṣu, iṣu náà jẹ ẹsẹ̀ mi." Gbólóhùn yẹn bá mi délé, kò sì padà sẹ́yìn mọ́.

Ẹni tó bá mọ Tchaourou yóò mọ̀ pé kò síbi tí ènìyàn lè sá fún iṣu sí níbẹ̀. Iṣu wà létí ojú irin, iṣu wà lórí ọkọ̀ akẹ́rù, iṣu wà lẹ́nu ọ̀nà ilé wa níbi tí ìyàwó mi ń tò ó sí fún títà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìn ilé jáde kí n má baà rí i. Mo dín oúnjẹ mi kù sí ìdajì, lẹ́yìn náà mo dín ìdajì náà kù. Nígbà tó yá, omi ọbẹ̀ nìkan ni mò ń lá. Bí mo bá sì jẹun nítorí pé àlejò wà nílé, màá dìde, màá ní mo fẹ́ lọ wo àwọn igi kaṣú mi, màá sì lọ bì í sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré tí mo fi ń wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ń gbé nọ́ńbà tó kéré jáde, inú mi á dùn bí ọmọ tó gba ipò kìn-ín-ní. Sòkòtò ń já kúrò nídìí mi. Mo rò pé mo ń borí àrùn.

Lójú ìyàwó mi, ohun kan ṣoṣo ló ń ṣẹlẹ̀: ọkọ òun ń dé abọ́.

Ó kọ́kọ́ pààrọ̀ ọbẹ̀. Ó se ẹ̀gúsí, ó se ilá, ó ra ẹran ìgbẹ́, ó ra wàràǹkàṣì lọ́wọ́ àwọn Fúlàní, ó dín in bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ nígbà tí a ṣì kéré. Mo wò ó, mo dé e. Nígbà tí oṣù ààwẹ̀ wọlé, ara tù mí. Dókítà ti ní n kò gbọ́dọ̀ gbààwẹ̀, lèmọ́mù náà sì ti ní Ọlọ́run kò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ aláìsàn. Mo gbà á síbẹ̀, nítorí oṣù yẹn nìkan ni kò sí ẹni tó ń wo abọ́ mi lọ́sàn-án.

Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀wà ní àdúgbò wa sọ fún ìyàwó mi, bí ẹni ń ṣàwàdà, pé kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú lórí ọkùnrin tí kò jẹun nílé: "Ó ti yó kó tó dé ni." Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi sọ pé òun náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bó bá fẹ́ fọ aṣọ mi, mo máa ń rí i tó ń gbé e sí imú kó tó tẹ̀ ẹ́ sínú omi.

Níkẹyìn, ó ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Tchatchou. Ẹ̀gbọ́n mi gun zémì wá, alùpùpù tó ń kó èrò, eruku bò ó dé ìpéǹpéjú. Ó mu omi, ìyàwó mi sì kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé kí ni obìnrin yìí ṣe fún mi. Mo ní kò ṣe nǹkan kan. Òtítọ́ ni mo sọ. Ṣùgbọ́n ní ọ̀dọ̀ wa, ohun tí ọkọ tí inú ń bí gan-an máa ń sọ náà nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi mi orí.

"Àbúrò, ẹni tó ṣẹ̀ wá díẹ̀ la máa ń ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀. Ẹni tí kò ṣe nǹkan kan, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló le jù."

Bí mo ṣe ń tẹnu mọ́ ọn pé kò ṣe nǹkan kan ni ọ̀rọ̀ náà ń burú sí i. Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì fún àwọn nǹkan tí mo ti gbàgbé: ẹran kan tó jóná lọ́dún tí a ṣègbéyàwó, èsì kan tó fún ìyá mi. Mo jókòó, mò ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Àgbàlagbà ọkùnrin, nílùú oníṣu, kó ní iṣu ń ba òun lẹ́rù?

Ọjọ́ ọjà ni mo ṣubú. Mo ti lo oògùn láàárọ̀ láìjẹun, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi sì lọ sílẹ̀ pátápátá. Ìgbà tí mo lajú, ilé ìwòsàn kan ní Parakou ni mo wà. Dókítà obìnrin kan, ọ̀dọ́ tí mo lè ti kọ́ níwèé, bi mí pé kí ni mo jẹ lánàá. Mo ní iyán. Ó wo egungun èjìká mi. Ó fi Faransé pè mí bí ẹni pe àbúrò bàbá rẹ̀: "Tonton, iyán yẹn kò dé ara yín." Lẹ́yìn náà ló rọra béèrè bóyá oúnjẹ ń bà mí lẹ́rù. Mo kàn ń sunkún.

Ọ̀nà tó fi hàn mí ni mo ń tọ̀ títí dòní. Kí n máa jẹun láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, bó ti wù kó kéré tó. Kí iyán má kúrò níbẹ̀ pátápátá, kó jẹ́ ẹ̀kúnwọ́ mi kan, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ púpọ̀ àti ẹja. Kí ẹnì kan jókòó tì mí lẹ́yìn oúnjẹ títí ẹ̀rù yóò fi rọlẹ̀. Kò rọrùn. Àrùn kan ní kí n ṣọ́ oúnjẹ, àrùn kejì, ẹ̀rù oúnjẹ, ń gbọ́ "ṣọ́" ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí "sá". Mo ń gbé láàárín wọn bí ọkọ orogún méjì.

Nígbà tí mo délé, mo ṣàlàyé fún ìyàwó mi. Mo lo gbogbo ọ̀rọ̀ tí dókítà lò, mo sọ ọ́ ní Faransé, mo túmọ̀ rẹ̀, mo sọ bí ọpọlọ ṣe ń tan ènìyàn jẹ. Ó gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ ìròyìn rédíò láti ìlú òkèèrè. Ó béèrè pé ṣé àìsàn wà lóòótọ́ tí kì í jẹ́ kí ọkọ jẹ ọbẹ̀ ìyàwó rẹ̀. Mo ní ó wà. Ó ní ó dáa, kí Ọlọ́run wò mí sàn. Lọ́jọ́ kejì ó pe ọmọbìnrin wa tó ń gbé ọ̀dọ̀ wa, ó ní kó máa se oúnjẹ mi láti ìsinsìnyí lọ, nítorí wọ́n ní wíwọ̀n ni kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n, òun kò sì mọ̀ ọ́n wọ̀n. Obìnrin tó ń fi ojú wọn iṣu inú ọkọ̀ akẹ́rù!

Kò gún iyán fún mi mọ́. Bí mo bá bẹ̀ ẹ́, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Ara yín ti ń mókun, Bàbá wọn. Ẹ má jẹ́ ká bà á jẹ́." Mo ń sanra lóòótọ́. Àwọn ènìyàn ń dúró lọ́nà láti sọ fún mi pé ara mi ti bọ̀ sípò. Oúnjẹ ọmọ wa ló ń mú mi bọ̀ sípò lójú ìyá rẹ̀, gbogbo òkèlè tí mo sì ń gbé mì ń jẹ́rìí ta kò ó: àṣé ọkùnrin yìí lè jẹun, àṣé ọwọ́ òun ni kò fẹ́.

Ọyẹ́ ọdún tó kọjá dá ìyàwó mi dùbúlẹ̀. Ikọ́ ló bẹ̀rẹ̀, ibà tẹ̀ lé e. Ọmọ wa lọ ra oògùn ní Parakou, èmi ni mo sì po ògì fún un, èmi tí n kò po ògì rí. Ó dì kókó, mo sẹ́ ẹ, mo gbé e lọ síwájú rẹ̀. Ó wò ó, ó yíjú sí ògiri. Mo po òmíràn ní ìrọ̀lẹ́. Ó tún yíjú sí ògiri.

Ìhà tí wọ́n ń gbé abọ́ sí ni mo wà ní gbogbo ayé mi. N kò mọ bó ṣe máa ń rí fún ẹni tó gbé e wá. Mo jókòó, ògì ń tutù lọ́wọ́ mi, ìbéèrè náà sì ti jáde kí n tó mọ̀.

"Ìyá wọn, kí ni mo ṣe fún ọ?"

Ó yíjú padà. "Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Ọ̀fun mi ni kò gbà á."

Mo ní, "Bí tèmi ṣe rí nígbà yẹn nìyẹn. Ọ̀fun mi ni kò gbà á."

Ó wò mí pẹ́. Mo rí i pé ó ń padà lọ bá àwọn abọ́ wọ̀nyẹn, ẹ̀gúsí, ilá, wàràǹkàṣì, ó ń ṣí wọn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò bínú nígbà tó sọ̀rọ̀. Ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

Mo gbé abọ́ ògì sílẹ̀. Ó na ọwọ́, ó di ọwọ́ mi mú, ó sì bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo ní rárá. Ó ní kí n lọ jẹun kí n tó lo oògùn mi, pé bí ara òun bá yá, òun á gún kékeré. Ara rẹ̀ kò yá.

Ní àdúrà ọjọ́ kẹjọ tí a sin ín, wọ́n gbé oúnjẹ wá síwájú mi, mo ní n kò jẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, pé ọ̀fọ̀ ni, pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ ọkọ rere. Gbogbo wọn gbà. Mo gbọ́ ohùn àrùn kejì náà nínú mi, inú rẹ̀ ń dùn pé a ti rí ibi ìsápamọ́ tó dára ju ààwẹ̀ lọ, tí kò ní ìṣínu. Ọmọbìnrin mi nìkan ló ṣì dúró pẹ̀lú abọ́ náà. Mo sọ fún un, níwájú gbogbo wọn, pé kì í ṣe ọ̀fọ̀ nìkan, pé ọ̀fun mi ni kò gbà á, kó jókòó tì mí. Àwọn àgbà wo ara wọn. Ó jókòó.

Mo ń jẹun báyìí. Ọjọ́ mìíràn ó ń lọ, ọjọ́ mìíràn mò ń tì í. Ṣúgà mi ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, dókítà ní kò burú. Iyán ọmọ mi kúnná, ó sì dùn. Lọ́jọ́ kan ó bi mí pé ṣé ó tó ti ìyá òun. Mo ní ó tó. Mo bu òkèlè, mo gbé e mì, mo sì yíjú kúrò kó má baà rí ojú mi.