Ìṣó Láti Ẹnu Ọ̀rẹ́

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń pe káfíńtà náà, nítorí pé kì í fi ayùn kan igi láìwọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Oníìṣó fi ṣiṣẹ́ pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù kan, lórí tábìlì iṣẹ́ kan, pẹ̀lú àwàdà kan náà láràárọ̀.

Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn rọlẹ̀ díẹ̀, tí bààlúù tún bẹ̀rẹ̀ sí í fò, ọmọbìnrin Ẹ̀ẹ̀mejì bímọ lókè òkun. Oṣù méje ni oyún náà. Ẹ̀dọ̀fóró ọmọ kò tíì gbó. Ọmọ-ọmọ àkọ́kọ́ tí Ẹ̀ẹ̀mejì máa ní nìyẹn. Ó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ọmọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù pé kó má kó àrùn wá bá ìkókó. Ọkùnrin tó ń wọn igi lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ fún un. Ó kó ẹní lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ibẹ̀ ló ń sùn. Ojú fèrèsé ló ti ń kí àwọn ará àdúgbò, títí ìyàwó àbúrò rẹ̀ fi béèrè bóyá wọ́n ti fi í sẹ́wọ̀n ni.

Oníìṣó nìkan ló ń wọlé tọ̀ ọ́. Wọ́n ti jọ ṣàdéhùn: ẹni tí orí bá tilẹ̀ fọ́ lásán, ìta ni yóò dúró sí.

Kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná kan ni wọ́n ń kàn. Ìbòmú wà lójú àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n bí ìṣó bá dé, wọ́n á fà á sí àgbọ̀n, nítorí ẹnu ni wọ́n ń kó ìṣó sí. Bí ti ẹnìkan bá tán, á na ọwọ́, èkejì á tu mẹ́ta jáde fún un, òun náà á sọ wọ́n sẹ́nu. Ó ti mọ́ wọn lára tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí èyí tó rò ó wò.

Nígbà tó ku ọjọ́ kan kí Ẹ̀ẹ̀mejì wọ bààlúù, ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ dé: kò sí àrùn. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìkòkò gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ igi jóná lórí ààrò. Òórùn rẹ̀ lé Ẹ̀ẹ̀mejì wọlé láti ẹ̀yìnkùlé. Ó bá Oníìṣó níbi tó jókòó, tó kẹ̀yìn sí ìkòkò náà, tó ń fi pẹ́ńsùlù fa ìlà, tó ń kọrin.

Ẹ̀ẹ̀mejì sọ ìkòkò kalẹ̀. Ó ní kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ dijú, ó sì gbé ìgò kẹrosíìnì sí i nímú.

“Òórùn kí lo gbọ́?”

Oníìṣó fa imú lẹ́ẹ̀mejì, ó sì lajú.

“Láti ìgbà wo?”

“Ọjọ́ kẹrin rèé.”

“O ṣàyẹ̀wò?”

“Mo ṣe é. Àrùn náà ni.”

Ó bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ó ní ibà òru kan péré ni. Ó ní bí òun bá sọ, Ẹ̀ẹ̀mejì ò ní ṣílẹ̀kùn fún òun, kọ́bọ́ọ̀dù kò sì ní parí. Lẹ́yìn náà ló rẹ ohùn sílẹ̀.

“Ìwé tìẹ mọ́ o. Máa lọ. Ta ni yóò mọ̀?”

“Èmi.”

Ẹ̀ẹ̀mejì ní kó jáde. Ó pe ọmọ rẹ̀ pé òun kò lè wá mọ́.

“Bàbá mi, ta ló kó o ràn yín?”

“Ẹni tí mo fọkàn tán.”

Ní ọjọ́ kẹta, ibà mú Ẹ̀ẹ̀mejì. Ó wúkọ́ fún ọjọ́ méjìlá. Lójoojúmọ́ ni Oníìṣó ń dúró níta, tó ń béèrè bóyá ó ti jẹun. Ẹ̀ẹ̀mejì ń dá a lóhùn. Kò ṣílẹ̀kùn.

Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ìkókó ti kúrò nílé ìwòsàn. Fóònù ló fi rí i. Ó sún tíkẹ́ẹ̀tì síwájú. Lẹ́yìn náà ló kó irinṣẹ́ Oníìṣó sínú àpótí, ayùn méjì, ìfági, òòlù. Ó fi epo pa wọ́n kí wọ́n má baà dípẹtà, ó sì gbé e síta.

Oníìṣó wo àpótí náà. “Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, nítorí ọjọ́ mẹ́rin?”

“Mi ò mọ̀ bóyá ọjọ́ mẹ́rin náà nìkan ni.”

Ẹ̀ẹ̀mejì bá a gbé àpótí náà sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ tó gùn wá, ó sì wọlé.