Kẹ̀kẹ́ Tíṣà Wà Nílé Wa

Ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi kò bá gún régé. Ìwé tí mo kà kò tó nǹkan, ìwé kíkọ kò sì mọ́ mi lára. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ náà ni n ó ṣe kọ ọ́.

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Òsì, Tíṣà tó ń tọ́jú ìjọ ló ń kọ́ àwa ọmọ àdúgbò ní ìwé lọ́dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Mùsùlùmí ni wá nílé wa, ṣùgbọ́n kò lé mi rí. Ìtàn tó fẹ́ràn jù ni ti bíṣọ́ọ̀bù ayé àtijọ́ kan, ẹni mímọ́ tó ń fẹsẹ̀ rìn láti abúlé dé abúlé. Ọba fún un ní ẹṣin. Ó pàdé alágbe lọ́nà, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fa ẹṣin lé e lọ́wọ́. Ọba bínú títí. Bíṣọ́ọ̀bù kò jà, ó kàn ń fẹsẹ̀ rẹ̀ rìn lọ.

Lẹ́yìn ìkórè ọdún kan, ìjọ ra kẹ̀kẹ́ tuntun fún Tíṣà, kó lè máa gùn ún lọ wàásù lóko. Kò pẹ́ sígbà náà ni kùkùté gún ìyá mi lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ náà wú tó fi ń dán. Ó ní láti máa lọ wẹ egbò nílé ìwòsàn ní Ìlọ́fà, kò sì lè rìn. Tíṣà gbọ́, ó ti kẹ̀kẹ́ wá bá bàbá mi.

"Ẹ máa fi gbé wọn lọ. Ẹ má dá a padà, tiyín ni."

Ìyá mi so ìró pupa tó máa ń ró lọ ta epo mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, kí irin má baà máa gún un. Bí wọ́n bá dé, bàbá mi á gbé kẹ̀kẹ́ pamọ́ sẹ́yìn òkìtì iṣu.

"Bí àwọn onígbàgbọ́ bá gbọ́ pé ẹrù ìkórè wọn wà nílé ìmàle, wọn á lé Tíṣà. Ẹ pẹnu mọ́."

Ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ń rí Tíṣà tó ń fẹsẹ̀ rìn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a wà nídìí síléètì wa nígbà tí àwọn àgbà ìjọ dé.

"Tíṣà, ẹṣin ọba ńkọ́?" Ọ̀kan nínú wọn ló bi í bẹ́ẹ̀, àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín.

"Ó wà lọ́wọ́ ẹni tó nílò rẹ̀, bàbá."

"Ta lonítọ̀hún?"

Tíṣà mú síléètì kan, ó ń nù ún.

"Ẹ ti tà á ni! Bí a kò bá rí i kó tó di ọjọ́ Ìsinmi, ẹ di ẹrù yín."

Tíṣà wò mí fìrí, ó sì yíjú kúrò kíákíá, kí wọ́n má baà tẹ̀lé ojú rẹ̀. Ìwò yẹn kò tíì kúrò lára mi. Ẹni tó fún wa ní ẹsẹ̀ la fẹ́ jẹ́ kí wọ́n pè lólè, ẹsẹ̀ ìyá mi sì ti ń tẹlẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mọ́tò àti alùpùpù ti kún ọ̀nà Ìlọ́fà báyìí, ọmọdé kì í wo kẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀mejì mọ́. Ẹ lè má mọ bó ṣe lè wúwo tó lọ́kàn ọmọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí bàbá mi lọ kírun, mo ti kẹ̀kẹ́ náà jáde. N kò mọ̀ ọ́n gùn. Mo tì í gba àárín ọjà kọjá, mo fi í ti ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí gbogbo ẹni tó ń lọ sóko yóò ti rí i. Ìró pupa tí gbogbo ọjà mọ̀ mọ́ ìyá mi ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. N kò tú u.