Orí Òkúta Apárí

Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ afinimọ̀nà nínú ihò àpáta kì í ṣe iṣẹ́, kó wá gbé orúnkún Bàbá Àtùpà rìn fún ọjọ́ kan péré. Àtẹ̀gùn igba ó lé mẹ́rìnlá ló wà láti ẹnu ihò dé ìsàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló sì ń yọ̀ bí ọṣẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ ló ń sọ̀ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ń gùn ún padà, pẹ̀lú àtùpà ńlá tó ń gbé kọ́ èjìká, èyí tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n rèé. Àwọn àlejò a sì máa bi í nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún pé, "Bàbá, ṣé ó ti rẹ̀ yín ni?" Irú ìbéèrè wo nìyẹn! Ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu láti bí ọdún mẹ́wàá. Ẹ̀rín ló fi ń dá wọn lóhùn, torí ẹ̀rín wà lára iṣẹ́.

Nísàlẹ̀ pátápátá, òkúta kan wà tó yọ láti inú ilẹ̀, tó ga tó ọmọ ọdún márùn-ún. Omi ló ń kán tó-tó-tó sí i lórí láti òkè ihò, ohun tí omi náà ń fi sílẹ̀ ló sì ń dì, tó ń di òkúta. Orí rẹ̀ rí roboto, ó ń dán. Orí Bàbá Àtùpà náà ń dán, irun kan ṣoṣo kò ṣẹ́ kù níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ òkúta náà ní Apárí. Nígbà tó lo ọdún kejì lẹ́nu iṣẹ́, tó rí i pé àwọn àlejò ti máa ń fajú ro kí wọ́n tó débẹ̀, ó ronú ọgbọ́n kan. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi rèé, Apárí. Ẹ fọwọ́ pa á lórí, kẹ́ ẹ tọrọ ohun kan. Ohun tẹ́ ẹ bá tọrọ, dandan ni." Irọ́ funfun báláú! Ṣùgbọ́n wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n nawọ́, wọ́n gbàgbé àtẹ̀gùn. Láti ọjọ́ náà, kò sí àlejò tó débẹ̀ tí kì í fọwọ́ pa Apárí lórí.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù, ìyàwó rẹ̀ sì ni. Ìyá Ìbejì ló ń tọ́jú ẹrù àwọn àlejò lẹ́nu ihò, torí wọn kì í jẹ́ kéèyàn gbé báàgì wọlé. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti wà lórí àga onígi kan náà, tó ń fún oníbáàgì ní nọ́ńbà kan, tó ń so ìkejì rẹ̀ mọ́ báàgì. Gbogbo ẹni tó bá jáde ló ń sọ ohun tó tọrọ fún un. Ẹlòmíì tọrọ ọmọ, ẹlòmíì tọrọ iṣẹ́. Ọ̀kan tiẹ̀ tọrọ pé kí ìyá ọkọ òun kẹ́rù kúrò nílé òun. Ìyá Ìbejì ń bá wọn ṣe àmín.

"Èmi náà ní tèmi nílẹ̀ o," ló máa ń wí fún ọkọ rẹ̀. "Ọjọ́ wo lẹ máa mú mi wọlé?"

"Ọjọ́ tí àlejò bá dín kù."

Àlejò kò dín kù. Ta ni kó jókòó ti ẹrù? Bẹ́ẹ̀ ni ọdún ń gorí ọdún, títí ìbàdí obìnrin náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan ni obìnrin onímọ̀ òkúta kan dé. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó kúnlẹ̀ ti Apárí, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Àwọn òkúta tó yí i ká funfun, ṣùgbọ́n orí Apárí ti dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Bàbá, ta ló ń jẹ́ kí wọ́n máa fọwọ́ kàn án?"

Bàbá Àtùpà gbé àtùpà rẹ̀ láti èjìká kan sí ìkejì.

"Ọ̀rá ọwọ́ èèyàn ti bò ó," lobìnrin náà wí. "Omi ò lè fi nǹkan kan sílẹ̀ lára ẹ̀ mọ́, ńṣe ló ń yọ̀ dànù. Àwọn yòókù ṣì ń ga. Òun ti dúró."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́, Bàbá. Ó máa tó ogún ọdún."

Kò bú u. Ohun tó tiẹ̀ dun bàbá nìyẹn. Ká ní ó bú u ni, ì bá rí nǹkan fi fèsì. Nígbà tí wọ́n ń gòkè padà, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ló dúró kó lè mí.

Ọ́fíìsì tó ń bójú tó ihò náà ní àwọn yóò fi irin dí ibẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, òkèèrè ni àlejò yóò ti máa wo Apárí. Nígbà tí Bàbá Àtùpà délé, ọ̀rọ̀ irin nìkan ló sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ìyókù, ojú tì í, ó gbé e mì.

"Á jẹ́ pé ọjọ́ Àìkú nìkan ló kù," ni Ìyá Ìbejì wí. "Ẹ ò sì ní purọ́ àlejò fún mi lọ́tẹ̀ yìí."

Lọ́jọ́ Àìkú náà, wọn ò gba àlejò kankan. Ìyá Ìbejì gbé báàgì rẹ̀ sórí àga, ó so nọ́ńbà kìíní mọ́ ọn, ó fi ìkejì rẹ̀ sápò, ó bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ rẹ̀ wà níwájú, ó ń fẹ̀yìn rìn, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Rọra o."

"Mò ń rọra. Àbí ẹ rò pé mo fẹ́ fò ni?"

Ibi tí kò ti lè fẹsẹ̀ sọ̀ mọ́, ìdí ló fi wọ́ ọ. Wákàtí kan gbáko ló gbà wọ́n. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ àtùpà bọ́ sára Apárí, obìnrin náà rọra kúnlẹ̀ bó ti ń dùn ún tó.

"Ẹ kú ilé o, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi," ló wí. Ó nawọ́.

Bàbá Àtùpà gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. "Má fọwọ́ kàn án."

"Kí lẹ wí?"

"Jọ̀ọ́, má fọwọ́ kàn án."

"Gbogbo ayé!" Ohùn rẹ̀ gba gbogbo inú ihò. "Gbogbo ayé tí mo ti ń ṣọ́ báàgì wọn láti ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fọwọ́ kàn án! Èmi nìkan lẹ wá rí dí lọ́wọ́? Kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?" Omi bọ́ lójú rẹ̀.

Bàbá Àtùpà jókòó sórí ilẹ̀ tútù, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, látorí irọ́ dórí ọ̀rá ọwọ́. "Òkúta yìí ń dàgbà nígbà tí mo bá a níbí," ló wí. "Ẹnu mi ló pa á. Ọwọ́ rẹ nìkan ni mi ò tíì rán sí i."

Omi kán, ó yọ̀ kúrò lórí Apárí, ó ṣàn lọ. Ìyá Ìbejì wo orí òkúta náà, ó wo orí ọkọ rẹ̀. Ó wá na ọwọ́, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí ọkọ rẹ̀, ó fi pa á jẹ́jẹ́, ó di ojú.

"Kí lò ń ṣe?"

"Ẹ dákẹ́, mò ń tọrọ tèmi."

Ìgbà tí obìnrin náà lajú ni ọkọ rẹ̀ tó bi í pé, "Kí lo tọrọ?"

"Ohun tí mo ti ní nílẹ̀ látọjọ́ yìí náà ni. Pé kẹ́ ẹ yé sọ̀kalẹ̀ wá síbí. Pé kẹ́ ẹ wá jókòó tì mí lókè, ká jọ máa ṣọ́ báàgì."

Bàbá Àtùpà wo àtẹ̀gùn igba ó lé mẹ́rìnlá tó kù láti gùn. Ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀.

"Dandan ni," ló wí.