Ẹ̀yìn Ọmọ Mi

Mo rántí ọ̀sán kan ní Ìkátè, tí afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ wọ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ, tí oorun oyún sì ń gbé mi lọ, tó ń gbé mi bọ̀. Oyún oṣù mẹ́rin ni. Ọkọ mi àti ìyá mi nìkan ló mọ̀. Ìyá mi ló ní kí n pa á mọ́: “Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.” Èmi wá ṣe àṣejù. Mo rán gáùn tó fẹ̀ bí àgọ́ fún ara mi, n kò sì tẹsẹ̀ sí ilé ìwòsàn, torí pé aládùúgbò wa kan ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mo rò pé mo gbọ́n. Ọgbọ́n òmùgọ̀!

Oníbàárà mi kan, olùkọ́ yunifásítì, wá gba aṣọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó bá mi níbi tí mo ti ń ṣẹ́ ìbàdí ṣòkòtò kan po kí okùn lè rí ọ̀nà gbà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ohun tí òun ń wò láti àárọ̀ nìyẹn. Ló bá fi fídíò hàn mí lórí fóònù: ọlẹ̀ adìyẹ nínú ẹyin. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí aṣọ tí a ò tíì gé. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó kéré ju eruku lọ ń fún ara wọn wọ àárín ara wọn, aṣọ náà ń tín-ín-rín, ó ń gùn. Etí aṣọ náà méjèèjì dìde díẹ̀díẹ̀, wọ́n tẹ̀ síra wọn, wọ́n pàdé, wọ́n lẹ̀ pọ̀ di ihò gbọọrọ. Kò sí ọwọ́ tó ń rán an. Mo wò ó títí tí mo fi gbàgbé ibi tí mo wà.

“Ibẹ̀ ni ọpọlọ àti mùdùnmúdùn ẹ̀yìn ti ń wá,” ó ní. “Bẹ́ẹ̀ náà lèèyàn. Bí etí ọ̀hún ò bá pàdé, ẹ̀yìn ọmọ lè ṣí sílẹ̀.”

“Oṣù wo ló máa ń pàdé, mà?”

“Oṣù wo kẹ̀? Kí oyún tó pé oṣù kan ni! Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kéèyàn ti máa lo fólíkì, oògùn tó ń ràn án lọ́wọ́ láti pàdé, kó tó lóyún rárá.”

Àyà mi já. Mo jẹ́wọ́ fún un lójú ẹsẹ̀ pé oyún mi ti pé oṣù mẹ́rin, n kò sì lo fólíkì rí. Kò bá mi wí. Ó di ọwọ́ mi mú. “Ti ọ̀pọ̀ máa ń pàdé láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n lọ yà á wò lọ́la.”

Lọ́jọ́ kejì, nílé ìwòsàn, dókítà ń ti ẹ̀rọ kiri lórí ikùn mi. Ẹ̀rù bà mí débi pé n kò lè gbàdúrà. Ó wá ní, “Ẹ̀yìn rẹ̀ pé. Ó dì dáadáa.” Mo bú sẹ́kún. Ta ló gbé omi wá fún mi? Aládùúgbò tí mò ń sá fún ni. Títí dòní, kò sọ ọ̀rọ̀ oyún yẹn fún ẹnikẹ́ni.

Nísinsìnyí, bí ìyàwó ọ̀ṣìngín bá wá wọn aṣọ lọ́dọ̀ mi, mo máa ń sọ ọ̀rọ̀ fólíkì sí i létí. Àwọn kan ń tijú, àwọn kan ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Ọmọ mi ti ń lọ sílé ìwé. Bí mo bá ń wẹ̀ ẹ́, ọwọ́ mi ṣì máa ń rìn lórí eegun ẹ̀yìn rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ọrùn dé ìdí.

“Mọ́mì, kí lẹ ń wá níbẹ̀?”

Mo ní kò sí nǹkan kan. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ lóòótọ́, ìyẹn gan-an ni mò ń wá.