Ògiri Ìhà Ìfọ́n

Káfíńtà ni bàbá mi ní Ìlobùú, ọmọ Ìfọ́n sì ni ìyá mi. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti ba àárín ìlú méjèèjì jẹ́ tipẹ́, bẹ́ẹ̀ èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn láti ọ̀kan dé èkejì kí òógùn tó mú un. Títí irun fi funfun lórí ìyá mi, "Ìyàwó Ìfọ́n" ni wọ́n ń pè é lágboolé wa. Á jẹ́ wọn, á sì rẹ́rìn-ín. Ikọ́ fée ló ń dà á láàmú. Bó bá ti gbé e, ojú fèrèsé la ti máa ń bá a, á di férémù mú, á máa wá èémí.

Láyé àwọn ṣọ́jà, nígbà tí ọ̀wọ́n epo ò jẹ́ ká sinmi, káńsù pinnu láti tún ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní ìpẹ̀kun ìlú wa ṣe. Fèrèsé rẹ̀ ò ju ti ilé adìyẹ lọ. Fáànù ló ń gba aláìsàn sílẹ̀ níbẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ló sì ń gbé fáànù. Ọjọ́ tí dísẹ́ẹ̀lì bá tán, tálíkà dáràn.

Ọmọ ìlú wa kan tó kọ́ṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Òṣogbo ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Ó ní kí wọ́n má wulẹ̀ ra jẹnẹrétọ̀ ńlá. Kí wọ́n kun òrùlé ní funfun, kí wọ́n ṣe sílìn, kí wọ́n sì ṣí fèrèsé ńláńlá sí ògiri méjèèjì kí wọ́n dojú kọra. Afẹ́fẹ́ á gba ti ọ̀kan wọlé, á gba ti èkejì jáde, á wá ku fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára nìkan tó máa jẹ epo.

Bàbá mi ló kan àwọn fèrèsé náà, onípákó pẹlẹbẹ tí afẹ́fẹ́ ń gba àárín wọn. Ó tò wọ́n sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Ìyá mi jókòó ti ọ̀kan, ó fọwọ́ kàn án.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ ò ní gbé mi dé Òṣogbo mọ́ tí ikọ́ yìí bá dé. Ibí ni n ó ti máa mí."

Ibẹ̀ la wà tí àwọn àgbà fi rí i pé Ìfọ́n ni ògiri kejì kọjú sí. Wọ́n pèpàdé. Bàbá kan ní, "Ẹni tó bá ṣí fèrèsé ti gbà pé ibẹ̀ ni ilẹ̀ òun mọ. Ògiri tó bá dí, a lè kọ́lé kún un lọ́la. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀!"

Ọmọ tó kọ́ṣẹ́ ní Òṣogbo náà dọ̀bálẹ̀. "Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Afẹ́fẹ́ tí ò ríbi jáde, kì í wọlé."

"Ṣé afẹ́fẹ́ náà ti di ọmọ Ìfọ́n ni?" ni bàbá yẹn bi í.

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi dìde. Mo rò pé á sọ ti ìyá mi, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ ìyàwó ní Ìfọ́n, ojú rẹ̀ ni gbogbo ìpàdé ń wò.

"Ọ̀rọ̀ àgbà ni," ló wí. "Ẹ dí i."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyá mi kúnlẹ̀ gbé oúnjẹ fún un. "Ẹ ṣeun, bàbá àwọn ọmọ," ló sọ. Inú bí mi débi pé n ò lè jẹun. Inú ṣì ń bí mi.

Wọ́n ṣe ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ kejì sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí ilé náà tán, káńsù kó fáànù lọ, wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sí ọ́fíìsì tiwọn. Wọ́n ní ilé tí wọ́n tún ṣe nítorí afẹ́fẹ́ ò nílò fáànù mọ́. Fèrèsé tó ṣẹ́ kù wà nínú ṣọ́ọ̀bù bàbá mi, eruku bò wọ́n.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé, ikọ́ náà gbé ìyá mi. A gbé e lọ síbẹ̀. Fèrèsé ṣí sílẹ̀ gbayawu, síbẹ̀ kọ́tìnì ò mì. Nọ́ọ̀sì fún un lábẹ́rẹ́, bàbá mi ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Ìyá mi ní ká yí òun síhà ilé bàbá òun. A yí i. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri, bí ìgbà tó máa ń di férémù mú.

Mo sáré jáde lọ pe àwọn èèyàn rẹ̀ ní Ìfọ́n. Ẹ̀yìn ògiri náà ni mo gbà. Atẹ́gùn ń fẹ́ níbẹ̀, ó ń na aṣọ mọ́ mi lára. Mo dúró, mo pariwo ẹkún, kí n tó tún máa sáré lọ. Kí wọ́n tó pe ìrun Àílà lọ́sàn-án, ìyá mi ti dákẹ́.

Wọ́n gbẹ́ sàárè, wọ́n ní ká mú pákó tí a ó tò sórí òkú kí iyẹ̀pẹ̀ má bàa kàn án wá. Bàbá mi wọ ṣọ́ọ̀bù. Mo gbọ́ tí ìṣó ń dún bó ti ń tú wọn. Àwọn fèrèsé ìhà Ìfọ́n ló ń tú.

"Bàbá, pákó mìíràn wà."

Kò gbójú sókè. "Tirẹ̀ nìyí. Òun ni mo kàn án fún."

A tò wọ́n lé e lórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà bàbá mi po amọ̀, ó kúnlẹ̀, ó fi dí gbogbo àlàfo wọn.